Òdòdó Tí Kò Ní Ilé Méjì

Ọ̀rọ̀ òdòdó kan ni mo mú wá fún yín lónìí. Kì í ṣe irú òdòdó tí a lè já lẹ́bàá ọ̀nà oko ní ilẹ̀ wa, nítorí pé ibi kan ṣoṣo ni ó ń hù sí ní gbogbo ayé. Bí a bá kó gbogbo ilẹ̀ tí ó hù lé lórí jọ, bí éékà 10 ni, kò tó pápá bọ́ọ̀lù 6. Ní aṣálẹ̀ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ilẹ̀ náà wà. Láti ọdún 2019 ni àwọn onímọ̀, àwọn awakùsà, ìjọba àti àwọn agbẹjọ́rò ti bẹ̀rẹ̀ sí fa ọ̀rọ̀ nítorí òdòdó kékeré yìí. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó fà á.

A ó kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Tiehm's buckwheat ni wọ́n ń pè é. Buckwheat jẹ́ irú ọkà kan tí àwọn ará Rọ́ṣíà àti àwọn ará Japan máa ń jẹ. Ẹbí ọkà náà ni òdòdó wa yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń gbìn ín fún jíjẹ. Ìran tirẹ̀ pọ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà. Oríṣiríṣi wọn lé ní 200, àwọn mìíràn nínú wọn sì gba ilẹ̀ káàkiri. Tiehm jẹ́ orúkọ onímọ̀ ewéko kan, Arnold Tiehm, ẹni tí ó kọ́kọ́ rí òdòdó yìí ní ọdún 1983. Ní ọdún 1985, onímọ̀ mìíràn tí ń jẹ́ James Reveal kọ àlàyé rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo àwọn onímọ̀ ayé, ó sì fi orúkọ ẹni tí ó rí i sọ ọ́: Eriogonum tiehmii. Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa gùn, òdòdó Tiehm ni a ó máa pè é.

Ẹ̀yin ọmọ, bí àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà bá wà nítòsí yín, ẹ ṣí i. Ẹ wo apá ìwọ̀-oòrùn, létí Òkun Pàsífíìkì: ẹ ó rí ìpínlẹ̀ California. Ẹ wá kọjá sí ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀, ẹ ó bá ìpínlẹ̀ Nevada pàdé. Láàrin àwọn méjèèjì ni ọ̀wọ́ òkè gíga kan wà tí à ń pè ní Sierra Nevada, tí ó dúró gbọn-in bí ògiri. Atẹ́gùn tí ń bọ̀ láti òkun ru omi púpọ̀. Bí ó ti ń gun òkè náà, òtútù á mú un, omi inú rẹ̀ á sì di òjò àti yìnyín, á rọ̀ sí ìhà California. Nígbà tí atẹ́gùn náà yóò bá fi dé Nevada, ó ti dà bí ìyálọ́jà tí ó ta gbogbo ẹrù rẹ̀ tán lójú ọ̀nà, tí ó wá gbé igbá òfìfo wọ ọjà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí Nevada fi gbẹ ju gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà yòókù lọ.

Bí a bá dárúkọ aṣálẹ̀, ohun tí ó máa ń sọ sí wa lọ́kàn ni Sàhárà, pẹ̀lú iyanrìn rẹ̀ àti ràkúnmí. Aṣálẹ̀ tí mo ń wí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè àti àfonífojì ni, òkúta àti amọ̀, pẹ̀lú igbó kúkúrú tí ó gbẹ hangan-hangan. Ibi tí òdòdó Tiehm wà, tí wọ́n ń pè ní Rhyolite Ridge, fi bí ẹgbẹ̀rún 6 ẹsẹ̀ bàtà ga ju etí òkun lọ. Ó ga ju Òkè Ìdànrè wa lọ jìnnà-jìnnà. Ní ìgbà òtútù, yìnyín a máa bọ́ síbẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn a máa ta á bí ẹni ń yan àgbàdo. Ewéko tí yóò bá gbé ibẹ̀ ní láti lè fara da òtútù, ooru àti òùngbẹ.

Báwo ni òdòdó náà ti rí? Kò ga. Ewé rẹ̀ ṣù mọ́ ilẹ̀ bí ìrọ̀rí kékeré, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú tí a fi aró díẹ̀ kùn. Bí oṣù Karùn-ún bá dé, igi tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ láàrin ewé náà, olúkúlùkù á sì ru ìdì òdòdó wẹ́wẹ́ lórí. Àwọ̀ òdòdó náà dà bí ọ̀rá orí wàrà, ó pọ́n díẹ̀ bí ẹyin òrombó tí kò tíì pọ́n tán. Títí di oṣù Kẹfà ni ó ń tanná. Bí òdòdó náà bá ti ń gbó, á bẹ̀rẹ̀ sí pupa. Láti ìparí oṣù Kẹfà sí àárín oṣù Keje ni irúgbìn rẹ̀ máa ń gbó. Kì í ṣe ewéko tí ń kú lẹ́yìn ọdún kan. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìbéèrè ńlá wá ni pé: kí ló dé tí kò sí níbòmíràn? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, adágún omi kan wà níbẹ̀, àwọn òkè oníná sì wà ní àgbègbè náà. Eérú òkè oníná bọ́ sínú adágún náà, omi rẹ̀ gbẹ, ohun tí ó sì kù sílẹ̀ di amọ̀ àti òkúta tí nǹkan méjì kún inú rẹ̀: lítíọ́mù àti bórọ́nù. Ewéko nílò bórọ́nù díẹ̀ nínú ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọbẹ̀ ti nílò iyọ̀. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, ta ni yóò jẹ ẹ́? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bórọ́nù. Bí ó bá pọ̀ jù, á máa jó ewé, á sì máa pa ewéko. Nítorí náà, àwọn ewéko ìyókù kò pọ̀ lórí amọ̀ yìí. Òdòdó Tiehm nìkan ni ó tẹ́ ẹní rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ibi tí orí dá ni sí ni à ń gbé.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ohun tí ó bá ṣọ̀wọ́n, aláìlera ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹja kì í ṣe aláìlera nítorí pé kò lè rìn lórí ilẹ̀. Òdòdó yìí ti kọ́ bí a ti ń gbé níbi tí àwọn ẹlòmíràn kò lè gbé. Ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ni òdòdó náà kò fi lè pọ̀. Agbo 8 ni ó wà, tí wọn kò jìnnà sí ara wọn. Nígbà tí wọ́n kà á ní ọdún 2019, ó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún 44. Ẹ má jẹ́ kí iye náà tàn yín jẹ. Ẹni tí ó ní oko mẹ́wàá ní ọ̀nà mẹ́wàá, bí ẹran bá jẹ ọ̀kan, yóò rí òmíràn jẹ. Ẹni tí oko rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ńkọ́, bí ó ti wù kí ebè inú rẹ̀ pọ̀ tó?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020 fi èyí hàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àwọn tí wọ́n lọ bẹ òdòdó náà wò rí i pé wọ́n ti hú púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti gé gbòǹgbò wọn jẹ. Ariwo ta. Àwọn kan ní ọwọ́ ènìyàn ni. Àwọn onímọ̀ wá yẹ gbòǹgbò tí ó kù wò, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wá àmì irú ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ó fi ẹnu kàn án. Ikún ni wọ́n bá nídìí rẹ̀, irú ikún kan tí ń gbé aṣálẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀dá mú gan-an ní ọdún náà, gbòǹgbò òdòdó Tiehm sì ní omi nínú. Ẹranko tí òùngbẹ ń gbẹ ti rí kànga rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, òdòdó tí ó bàjẹ́ tàbí tí ó ṣòfò lé ní 60 nínú 100. Láàrin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo ni èyí ṣẹlẹ̀, láìsí pé ọkọ́ tàbí kátápílà kan dé ibẹ̀.

Ilẹ̀ nìkan kọ́ ni ilé òdòdó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko mọ̀ pé ìyẹ̀fun wà nínú òdòdó, àti pé kòkòrò ni ó sábà máa ń gbé e láti ara ọ̀kan dé ara èkejì kí irúgbìn tó lè wà. Àwọn onímọ̀ jókòó ti òdòdó Tiehm, wọ́n sì rí àwọn àlejò rẹ̀: oyin, agbọ́n, ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn àti eṣinṣin. Kòkòrò pọ̀ nídìí òdòdó náà ju bí ó ti pọ̀ ní àyíká rẹ̀ lọ. Wọ́n tún rí i pé òdòdó tí kòkòrò bẹ̀ wò a máa so irúgbìn ju èyí tí kòkòrò kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Kòkòrò wọ̀nyí pẹ̀lú ní ilé tiwọn. Àwọn kan ń gbé inú ihò nínú ilẹ̀, àwọn mìíràn ń wá oúnjẹ lọ síbi tí òdòdó Tiehm kò sí. Ẹni tí yóò bá dáàbò bo òdòdó náà kò lè fi okùn yí éékà 10 ká kí ó sì wí pé iṣẹ́ parí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wúwo. Lítíọ́mù tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni irin tí ó fúyẹ́ jù lọ nínú gbogbo irin ayé. Òun ni wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù tí ń bẹ lápò wa. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe bátìrì ọkọ̀ tí kì í mu epo bẹntiróòlù. Èéfín epo wà lára ohun tí ń mú kí ayé máa gbóná, tí òjò fi ń dá wa lágara, tí ọ̀dá fi ń le sí i. Àwọn tí ń wá lítíọ́mù ní, bí ọkọ̀ tí kì í mu epo bá pọ̀, èéfín yóò dínkù. Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n wá.

Ilé-iṣẹ́ kan láti Ọsirélíà, tí ń jẹ́ Ioneer, fẹ́ wa lítíọ́mù àti bórọ́nù ní Rhyolite Ridge. Ilé-iṣẹ́ náà ní lítíọ́mù tí òun yóò máa wà jáde lọ́dọọdún yóò tó bátìrì ọkọ̀ bí 370,000. Ẹ ò rí i pé ohun kan náà tí òdòdó fi ibẹ̀ ṣe ilé ni ènìyàn tún ń wá lọ síbẹ̀? Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ilẹ̀ lásán, àwọn awakùsà ì bá má yà síbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ilẹ̀ lásán, òdòdó Tiehm ì bá má sí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ẹgbẹ́ kan tí ń gbèjà ẹranko àti ewéko, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Center for Biological Diversity, kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà pé kí ó fi òfin dáàbò bo òdòdó náà. Ọ̀rọ̀ náà lọ, ó bọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìjọba kọ orúkọ òdòdó Tiehm sínú ìwé àwọn ohun abẹ̀mí tí ó wà nínú ewu ìparun. Wọ́n sì pààlà éékà 910 fún un, kí àwọn kòkòrò rẹ̀ náà lè rí ibi rìn. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ: òdòdó tí ó wà lórí éékà 10, éékà 910 ni wọ́n ní ó tó ilé rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà tún ètò rẹ̀ ṣe, ó ní òun kò ní wa ibi tí òdòdó náà wà gan-an. Ṣùgbọ́n ètò náà ṣì gba apá kan nínú éékà 910 náà, ọ̀gbun kùsà yóò sì wà nítòsí àwọn agbo òdòdó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí iṣẹ́ kùsà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko àti ewéko ní iṣẹ́ náà kò ní pa òdòdó Tiehm run. Ẹgbẹ́ tí mo dárúkọ kò gbà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti àwọn Western Shoshone, ìran tí ó ti ń gbé ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé. Wọ́n ní bí a kò bá tilẹ̀ hú òdòdó kan ṣoṣo, eruku kùsà yóò máa bo ewé, kòkòrò yóò sì sọ ibi tí wọ́n ti ń jẹ nù.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè kan ti wà lẹ́nu ẹ̀yin àgbà tí ń gbọ́ mi: kí ló dé tí wọn kò kúkú hú òdòdó náà, kí wọ́n lọ gbìn ín sí ibòmíràn? Ṣé a kì í gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko kan dé òmíràn ni? Ìbéèrè gidi ni. Irúgbìn òdòdó Tiehm a máa hù nínú ìkòkò. Ilé-iṣẹ́ náà pàápàá ti ń gbìn ín ní abẹ́ ìbòrí. Ṣùgbọ́n nínú ìkòkò, ènìyàn ni ń bu omi fún un, ènìyàn ni ń lé ẹranko fún un. Lọ́jọ́ tí ènìyàn náà bá káàárẹ̀, tàbí tí owó rẹ̀ bá tán, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ẹni tí a gbé sí ilé ìwòsàn wà láàyè, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò pe ilé ìwòsàn ní ìlú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí òdòdó yìí máa dá gbé, a ní láti rí amọ̀ bí amọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú òtútù, ooru àti kòkòrò tí ó mọ̀. Ẹ sì ti gbọ́ bí irú ilẹ̀ náà ti ṣọ̀wọ́n tó.

Èmi kò ní bá ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1983, kò sí ẹni tí ń jà lórí òdòdó yìí. Ọkùnrin kan ń rìn lórí òkè gbígbẹ, ó rí ewéko tí kò mọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú díẹ̀ níbẹ̀, ó sá a gbẹ láàrin bébà, ó sì kọ ọjọ́ àti ibi tí ó ti rí i sílẹ̀. Nígbà tí àwọn awakùsà dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, òdòdó náà ti ní orúkọ, ó ti ní ìwé. Ohun tí kò lórúkọ, ta ni yóò gbèjà rẹ̀? Bí kì í bá ṣe ti ìrìn ọjọ́ yẹn, wọn ì bá ti wa ilẹ̀ náà tán kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ rí.

Ní ilẹ̀ tiwa náà, wọ́n ti ń wa lítíọ́mù, títí kan àwọn apá kan ní Òkè-Ògùn. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀, owó sì ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti rìn yí ilẹ̀ náà ká kí ọkọ́ tó wọlẹ̀, láti kọ orúkọ ohun tí ń hù lórí rẹ̀? Ní Ìbàdàn, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó ní Jericho, ilé ńlá kan wà tí a kó ewéko gbígbẹ pamọ́ sí, olúkúlùkù lórí bébà tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ibi tí a ti já a. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá lè mú àwọn ọmọ yín lọ wò ó, kì í ṣe ìrìn àṣedànù.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ yín fún ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Kí olúkúlùkù wá ewéko kan tí ó ń dá hù ní àyíká ilé-ìwé tàbí lọ́nà oko, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Kí ó ya àwòrán ewé àti òdòdó rẹ̀. Kí ó kọ irú ilẹ̀ tí ó hù lé lórí: ṣé amọ̀ ni, àbí iyanrìn, àbí ilẹ̀ dúdú? Kí ó jókòó tì í fún ìwọ̀n wákàtí kan ní òwúrọ̀, kí ó ka irú kòkòrò tí ó bẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ bi àgbàlagbà kan nílé léèrè ohun tí wọ́n ń pe ewéko náà. Bí bàbá àti ìyá kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bi ìyá àgbà, ẹ bi àwọn tí ń ta ewé àti egbò lọ́jà. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀, ẹ sì kọ ọjọ́ sí i.

Ó dìgbà kan ná o.